Fídíò ẹ̀kọ́ kì í dúró sí mi lórí

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń wo fídíò ẹ̀kọ́ yunifásítì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò fi ní gbàgbé?

Èsì 1: Wíwò lásán kọ́ ni kíkà. Ẹ máa dá fídíò náà dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rántí sílẹ̀ láìyọjú wò ó. Ibi tí bírò bá ti dúró ni kẹ́ ẹ padà sí. Ẹ tún ara yín dán wò lọ́jọ́ kejì, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Èsì 2: Fóònù ńkọ́? Yàrá mìíràn ni kó wà o, pípa ohùn rẹ̀ nìkan ò tó.

Èsì 3: Ní ti iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sí iléèwé, tí gbèdéke rẹ̀ bá jẹ́ 11:59 alẹ́, aago ìlú tí iléèwé wà ni wọ́n sábà máa ń lò. Ẹ fi ránṣẹ́ ṣáájú, kẹ́ ẹ sì ṣí fáìlì náà wò bóyá òun gan-an ló wọlé.