Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọkọ̀ onígbòkun oníkùn kan ni, àbí oníkùn méjì?

Ìyá Dúró, Portsmouth:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Bàbá Dúró ti san owó àsansílẹ̀ lórí catamaran kan, ìyẹn ọkọ̀ oníkùn méjì, tó gùn ní mítà 11, wọ́n sì ní kí a mú ìyókù wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Lónìí ni ọkùnrin kan ní èbúté wá sọ fún mi pé bí catamaran bá fi lè dojú dé, ó parí nìyẹn, kò ní dìde mọ́, pé oníkùn kan ni ọkọ̀ ọlọ́mọ. Ọkọ mi ní òun kò ní kó ọmọ sínú ọkọ̀ tó ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nígbàkígbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Oorun kò kùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí á ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Èpé, Southampton:
Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ, àmọ́ kò sọ ọ́ délé. Oníkùn kan ní òjé tàbí irin tó wúwo nínú kíìlì rẹ̀, ìyẹn apá tó yọ wọ inú omi lábẹ́ ọkọ̀, ìwúwo yẹn ló sì máa ń fà á dìde bí ìjì bá dà á dé. Fífẹ̀ ni catamaran fi ń dúró. Bí ó bá ti dojú dé, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rì nítorí pé kò sí òjé tí yóò fà wọ́n lọ sísàlẹ̀, ẹni tó bá sì rí ara rẹ̀ dì mú ṣì nírètí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa wọn ni pé wọn kì í kìlọ̀. Oníkùn kan á kọ́kọ́ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ife tíì á yọ̀ lórí tábìlì, gbogbo ilé á sì mọ̀ pé ìgbòkun ti pọ̀ jù. Nínú catamaran, ife tíì á jókòó jẹ́jẹ́ títí ọ̀ràn yóò fi bàjẹ́, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ni kí ojú yín máa wà, kí ẹ sì dín ìgbòkun kù bí ìwé ọkọ̀ náà bá ṣe sọ, ẹ má dúró de ìgbà tí ara bá fu yín.

Bọ̀dá Káyọ̀dé, Bristol:
Mo fara mọ́ ẹ̀gbọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé kíìlì nìkan ló ń gba ẹ̀mí là. Nínú ìjì tó kọlu ìdíje ọkọ̀ onígbòkun tí wọ́n ń pè ní Fastnet lọ́dún 1979, olùdíje 15 ló kú, bẹ́ẹ̀ oníkùn kan ló pọ̀ jù lọ níbẹ̀. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2014 ni kíìlì ọkọ̀ Cheeki Rafiki já kúrò láàárín òkun Atlantic, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ. Bí ẹ bá máa ra àlòkù oníkùn kan, àwọn irin ìdè (bolt) tó so kíìlì mọ́ ara ọkọ̀ ni kí ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ wò.

Àǹtí Tọ́lá, Lymington:
Ìjì ni ẹ̀yin ń sọ, èbúté ni yóò kọ́kọ́ fojú wọn rí nǹkan. Àwa ra catamaran tiwa tán kí a tó béèrè àyè. Fífẹ̀ rẹ̀ ju mítà 6 lọ, kò wọ àyè ọkọ̀ kan, ìlọ́po kan àti ààbọ̀ owó tí aládùúgbò wa ń san ni wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ wa títí a fi tà á.

Bọ̀dá Káyọ̀dé, Bristol:
Àǹtí, ẹ má bínú, ọkọ̀ kọ́ ló ṣẹ̀ yín, ibi tí ẹ gbé e sí ni. Catamaran kò jìn nínú omi; ẹ̀ bá so ó síbi tí omi ti máa ń fà tán, kí ó jókòó sórí ẹrẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ni ẹ̀ bá máa san.

Àǹtí Tọ́lá, Lymington:
Ta ni yóò gbé ọmọ ọwọ́ kọjá nínú ẹrẹ̀ tó dé orúnkún? Ọkọ̀ tó bá sì ń dúró de omi kí ó tó gbéra, ìdajì ọjọ́ Sátidé ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n Èpé, Southampton:
Ọ̀nà kẹta wà tí ẹ kò dárúkọ. Westerly Centaur, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́dún 1969, oníkùn kan ni, ṣùgbọ́n kíìlì méjì ló ní. Bí omi bá fà, á dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Kò já fáfá bí a bá dojú rẹ̀ kọ afẹ́fẹ́, àmọ́ kò náni tó catamaran. Ní Southampton tiwa, níbi tí omi ti ń kún lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fà, ẹ ó ráyè wọlé dáadáa.

Bọ̀dá Káyọ̀dé, Bristol:
Southampton tún dé! Ẹ wá sí Avonmouth lọ́dọ̀ wa níbí, kí ẹ rí omi tó ń gòkè ju mítà 14 lọ nígbà tó bá le jù. Omi inú báfù ni tiyín.

Màmá Ìbejì, Liverpool:
Ẹ má gbàgbé odò Mersey tiwa o, mítà 10 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọkọ̀ oníyanrìn orí ọ̀sà Èkó ló ń wá sí mi lọ́kàn bí mo ṣe ń ka gbogbo èyí. Àpò tí wọ́n rán pọ̀ ni ìgbòkun wọn, ìkọ̀wé ara àpò náà ṣì ń hàn. Wọ́n á kó yanrìn títí etí ọkọ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba, láìsí kíìlì kankan, wọ́n á sì rọra kọjá níwájú Mákòkó nígbà tí èéfín ẹja yíyan bá ń rú lálẹ́. Àárò ilé ń sọ mí.

Ẹ̀gbọ́n Èpé, Southampton:
Èmi náà, màmá. Àwọn baba tó ń tu ọkọ̀ wọ̀nyẹn mọ afẹ́fẹ́ ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ.

Àǹtí Tọ́lá, Lymington:
Ìyá Dúró, ṣé ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí sọ pé ọjà náà dúró lórí àyẹ̀wò? Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì rí àléébù ńlá, ó yẹ kí wọ́n dá owó yín padà.

Ìyá Dúró, Portsmouth:
Ọwọ́ Bàbá Dúró ni ìwé náà wà, ó sì wà níbi iṣẹ́ alẹ́. Mo ti kọ̀wé sí èbúté nípa àyè. Ṣé a lè rí ẹni yẹ ọkọ̀ wò kó tó di Ọjọ́bọ̀?

Ẹ̀gbọ́n Èpé, Southampton:
Á ṣòro, nítorí wọ́n ní láti gbé e kúrò nínú omi kí wọ́n tó rí ìsàlẹ̀ ikùn méjèèjì. Ẹ tọrọ ọ̀sẹ̀ kan sí i lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.