Kí ló dé tí Nash kò fi lo tíọ́rẹ̀mù Banach?

Ìbéèrè

Mo kí gbogbo ẹ̀yin onímọ̀ ìṣirò. A ti kọ́ nípa tíọ́rẹ̀mù tí Stefan Banach, ọmọ ilẹ̀ Pólàńdì, tẹ̀ jáde ní ọdún 1922: nínú àyè tó pé (àyè tí kò ní ihò, tí ibi tí a bá ń sún mọ́ ṣì wà nínú rẹ̀), bí fọ́ńkíṣọ̀n kan bá ń dín àlàfo tó wà láàárín ojúàmì méjì èyíkéyìí kù ní ìwọ̀n kan pàtó, ojúàmì kan ṣoṣo ni yóò wà tí kò ní yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, a ó sì máa sún mọ́ ọn bí a bá ń fi èsì ìṣirò kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rí rẹ̀ kò gùn, ó sì ń fọ̀nà han ènìyàn. Àmọ́ nígbà tí onímọ̀ ìṣirò John Nash fi hàn ní ọdún 1950 pé gbogbo eré ìdíje tí iye eléré àti iye ọgbọ́n inú rẹ̀ (ohun tí eléré lè yàn láti ṣe) bá lópin ló ní ibi ìdọ́gba, ìyẹn ibi tí kò sí eléré tó lè dá yí ohun tó yàn padà kó jèrè sí i, tíọ́rẹ̀mù Kakutani ti ọdún 1941 ló lò, èyí tó sọ pé ojúàmì tí kì í yẹ̀ wà, àmọ́ tí kò sọ ibi tó wà fún wa. Ṣé Banach kò wúlò rárá nínú ìmọ̀ eré ìdíje ni?

Èsì àkọ́kọ́

Ìdí kan ti wà nínú ọ̀rọ̀ "kan ṣoṣo" tí ẹ fúnra yín kọ. Ẹ jẹ́ kí a wo awakọ̀ méjì tó pàdé lójú ọ̀nà tóóró. Bí kálukú bá yà sí ọ̀tún ara rẹ̀, wọn yóò kọjá láìséwu. Bí kálukú bá yà sí òsì ara rẹ̀, bákan náà ni. Bí ohun tí wọ́n yàn bá yàtọ̀, wọn yóò forí sọ ara wọn. Ibi ìdọ́gba mẹ́ta ló wà níbẹ̀, nítorí pé a tún gbọ́dọ̀ ka èyí tí kálukú ti ń fi ìdajì ìṣeéṣe yan ọ̀tún, tó sì ń fi ìdajì yan òsì. Tíọ́rẹ̀mù tí kì í gbà ju ojúàmì kan lọ kò lè jẹ́ ẹ̀rí fún irú eré bẹ́ẹ̀.

Ìdí kejì ni pé èsì tó dára jù lọ fún eléré kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹyọ kan. Nínú pẹnáritì, ká ní ọ̀tún tàbí òsì nìkan ni a lè yàn, tí aṣọ́lé yóò sì mú bọ́ọ̀lù bó bá yan ibi tí bọ́ọ̀lù gbà. Bí agbábọ́ọ̀lù bá ń pín in sí ìdajì-ìdajì, ohun gbogbo tí aṣọ́lé bá ṣe dọ́gba. Bó bá wá sún un sí ìdá 51 nínú 100 fún ọ̀tún, èsì aṣọ́lé fò lọ sí ọ̀tún pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí jìnnà sí fọ́ńkíṣọ̀n tó ń dín àlàfo kù. Ohun tí Kakutani sì gbà láàyè gan-an nìyẹn: kí ojúàmì kan ní sẹ́ẹ̀tì èsì, bí sẹ́ẹ̀tì náà kò bá ti ṣófo, tí ìlà tó so èsì méjì pọ̀ kò jáde kúrò nínú rẹ̀, tí ibi tí àwọn èsì bá sì ń sún mọ́ náà jẹ́ èsì.

Èsì kejì

Mo fara mọ́ èyí, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí a lo Kakutani. Ní ọdún 1951, tíọ́rẹ̀mù Brouwer ni Nash lò (ó sọ pé fọ́ńkíṣọ̀n tí kì í fò ní ojúàmì tí kì í yẹ̀ nínú àyè bíi ti àwọn àdàpọ̀ ọgbọ́n), ẹ̀rí yẹn ni mo sì fẹ́ràn jù. Ó wo àdàpọ̀ ọgbọ́n tí eléré kan ń lò, ìyẹn ìpín ìṣeéṣe tó fún ọgbọ́n kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n tí èrè rẹ̀ bá ju ti àdàpọ̀ náà lọ, ó fi ìwọ̀n ohun tó fi jù ú kún ìpín rẹ̀, lẹ́yìn náà ó pín gbogbo rẹ̀ kí àpapọ̀ lè padà sí 1. Fọ́ńkíṣọ̀n yìí kì í fò, nítorí náà Brouwer fún un ní ojúàmì tí kì í yẹ̀. Nínú àwọn ọgbọ́n tí eléré ń lò, ó kéré tán ọ̀kan wà tí èrè rẹ̀ kò ju ti àdàpọ̀ lọ, tí kò sì ní gba àfikún. Bí òmíràn bá gba àfikún, ìpín èyí tí kò gba àfikún yìí gbọ́dọ̀ dín kù. Ní ojúàmì tí kì í yẹ̀, kò lè dín kù, a jẹ́ pé kò sí èyí tó gba àfikún, kò sì sí eléré tó lè dá yí ọgbọ́n padà kó jèrè.

Èsì kẹta

Kí n dáhùn apá tó gbẹ̀yìn nínú ìbéèrè yín: Banach wúlò níbẹ̀ dáadáa. Ní ọdún 1953, Lloyd Shapley kọ̀wé lórí eré ẹni méjì, níbi tí ohun tí ẹnì kan bá jèrè ti jẹ́ àdánù ẹnì kejì, tí eré ń ti ipò kan bọ́ sí òmíràn, tí ìṣeéṣe sì wà ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé yóò parí. Ìṣeéṣe pé yóò parí yìí ló ń dín àlàfo kù, nítorí náà iye eré náà (èrè tí ẹnì kìíní lè retí bí àwọn méjèèjì bá ṣeré dáadáa) jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, a sì lè fi ìṣirò tí à ń ṣe léraléra wá a. Ẹ kíyè sí i pé iye eré ló jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ọgbọ́n tó ń mú un wá lè pọ̀.

Fún eré ẹni méjì lápapọ̀, Lemke àti Howson ti fi ọ̀nà kan tó ń dé ibi ìdọ́gba Nash hàn láti ọdún 1964, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbésẹ̀ rẹ̀ lè pọ̀ kọjá ààlà nínú àwọn eré kan. Ní ọdún 2006, Daskalakis, Goldberg àti Papadimitriou fi hàn pé wíwá ibi ìdọ́gba ṣòro tó wíwá ojúàmì Brouwer fúnra rẹ̀; Chen àti Deng sì fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ló rí kódà fún eléré méjì péré. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò tíì rí ọ̀nà tó yá fún gbogbo eré.