Fọ́ọ̀mù àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ ní yunifásítì Ìlú Ọba: ìjíròrò láàárín àwa ọmọ Òṣogbo

Ìbéèrè láti Leeds

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin àbúrò mi, mo kí gbogbo yín. Kí n tó kúrò ní Òṣogbo, ọ́fíìsì tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, irú iṣẹ́ yẹn náà ni mo sì rí ṣe níbí. Ọ̀gá mi fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ yìí, ó ní kí n kọ ohun tí mo gbé ṣe láti ọdún tó kọjá àti ibi tí mo ti nílò ẹ̀kọ́ sí i, kí a tó jọ jókòó sọ̀rọ̀ lé e lórí. APER, fọ́ọ̀mù ìròyìn ọdọọdún nípa iṣẹ́ òṣìṣẹ́, ni mo mọ̀ nílé: a ó kọ ipò wa àti iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún wa, ọ̀gá yóò fún wa ní máàkì, ìgbìmọ̀ yóò sì jókòó lórí ìgbéga. Èyí tó wà níwájú mi yìí kò ní máàkì kankan nínú. Ohun tí mo kọ ni pé mo máa ń tètè dé ibi iṣẹ́, mo ń bọ̀wọ̀ fún gbogbo ènìyàn, mo sì ń ṣe iṣẹ́ mi tọkàntọkàn. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? Ṣé òun náà ni wọn yóò fi gbé mi ga?

Ìdáhùn láti Birmingham

Àbúrò mi, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ó yé mi bó ṣe jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn, nítorí pé àyè wà nínú APER fún títètè dé ibi iṣẹ́ àti fún àjọṣe pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ ẹni, ọ̀gá sì ń fún ènìyàn ní máàkì lé wọn lórí. Níbí, wọ́n ti gbà pé ẹ máa tètè dé. Kò sí ẹni tí yóò yìn yín fún un.

Ẹ̀kọ́ ilé wa sọ fún wa pé kí ènìyàn má yin ara rẹ̀, pé ọ̀gá ló yẹ kó rí iṣẹ́ ẹni kó sì ròyìn rẹ̀. Ọ̀gá tí ẹ ń retí pé yóò ròyìn yín níbí lè má fojú kàn yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ, pàápàá láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ti ilé ṣiṣẹ́. Aláró Òṣogbo kì í fi aṣọ sílẹ̀ nínú ìkòkò kó wá máa retí oníbàárà. Ó ń sá a sórí okùn kí gbogbo ènìyàn lè rí bó ṣe mu aró. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù yẹn, okùn tiyín ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Ká ní ara iṣẹ́ yín ni láti máa kọ ìwé tó ń jẹ́rìí sí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ti forúkọ sílẹ̀. Bí ẹ bá kọ pé “Mo ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́,” ẹ kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ní oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ márùn-ún ni ìwé yìí ń lò kó tó jáde, nítorí pé ènìyàn mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí n wá bí yóò ṣe yá. Mo ya àwọn ìwé tí kò ní ìṣòro sọ́tọ̀, mo sì dábàá pé kí ẹnì kan ṣoṣo máa fọwọ́ sí wọn. Ọ̀gá mi gbà á, láti oṣù Kẹwàá sì ni ìwé ti ń jáde láàárín ọjọ́ méjì.” Bí nǹkan ṣe wà, ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe, ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe, àti ohun tó tìdí rẹ̀ yọ: STAR ni wọ́n ń pe ìlànà yìí, òun kan náà ni ẹ ó fi dáhùn ìbéèrè bí ẹ bá lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́. Ẹ sì kíyè sí “mo” inú rẹ̀. A máa ń sọ pé “a ṣe é” nígbà tó jẹ́ pé àwa nìkan la ṣe é, ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù yóò sì pín iṣẹ́ yẹn fún gbogbo ọ́fíìsì.

Ẹ ṣí fódà kan sínú ìmẹ́èlì yín lónìí, kí ẹ sì máa kó gbogbo ìdúpẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́ bá fi ránṣẹ́ sínú rẹ̀. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó tí ẹ ṣe nígbà ìforúkọsílẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án, bó bá fi máa di oṣù Kẹfà, ọ̀gá yín ti gbàgbé rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù méjì tó kọjá ni yóò wà lọ́kàn rẹ̀. Kì í ṣe ìkà, bí ọpọlọ ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ní ti ibi tí ẹ ti nílò ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi í sílẹ̀ lófìfo nítorí ìbẹ̀rù pé wọn yóò fi ọ̀rọ̀ ẹnu wa mú wa. Mo rò pé àyè tó níye lórí jù lọ nínú fọ́ọ̀mù náà nìyẹn, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ìdí láti sanwó ẹ̀kọ́ fún òṣìṣẹ́. Bó bá jẹ́ SITS, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, ni yunifásítì yín fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ pé ẹ fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ìròyìn jáde láti inú rẹ̀, kí ẹ sì sọ oṣù tí ẹ fẹ́ kí ó jẹ́. Ẹ má kọ pé “màá túbọ̀ gbìyànjú,” nítorí kò sí ẹni tó lè wọn ìyẹn. Nígbà tí ẹ bá sì jókòó, ẹ máa wo ojú ọ̀gá yín. Wọn kì í kà á sí àfojúdi níbí.

Ọ̀rọ̀ ìgbéga wá ńkọ́? Láti ìgbà àdéhùn tí àwọn yunifásítì àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe ní ọdún 2004 ni àtẹ owó oṣù kan ṣoṣo, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú 51 tí owó ń gbà gòkè, ti wà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló sì ń lò ó. Ẹ ó máa gun ojú kan lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ní ibi púpọ̀, títí ẹ ó fi kan òkè ìpele yín, ibẹ̀ ni ẹ ó sì dúró sí. Àwọn yunifásítì kan ní ojú díẹ̀ mìíràn lókè fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá tayọ, fọ́ọ̀mù yìí sì lè wúlò níbẹ̀. Láti kúrò ní ìpele kan bọ́ sí òmíràn, àfi kí ẹ kọ̀wé sí iṣẹ́ mìíràn tó ṣófo, tàbí kí wọ́n tún iṣẹ́ tí ẹ wà lẹ́nu rẹ̀ wọ̀n. HERA, ìlànà kan fún wíwọn bí iṣẹ́ ṣe wúwo tó, ni púpọ̀ nínú wọn fi ń wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wọ̀n, wọn kì í wọn ènìyàn tó ń ṣe é. Ẹ lè dáńgájíá fún ọdún mẹ́wàá kí ìpele yín má yí padà. Ẹ má ṣe jókòó máa retí ìgbéga lẹ́yìn ọdún mẹ́ta bí ti ilé.

Ìdáhùn láti Manchester

Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ yìí kan àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Àwa olùkọ́ ń gba ìgbéga níbi tí a wà, bí a bá lè fi ẹ̀rí iṣẹ́ wa hàn. Ẹ̀rí tí wọ́n ń béèrè lórí ìkọ́ni ni ipò Fellow tí Advance HE, àjọ tó ń rí sí ìkọ́ni ní yunifásítì, ń fúnni, èyí tó ní ìpele mẹ́rin, bẹ̀rẹ̀ láti Associate Fellow títí dé Principal Fellow. Àlàyé nípa ìkọ́ni ẹni ni ènìyàn ń kọ láti gbà á, ìkọ́ni tí ẹ ṣe ní Òṣogbo sì ṣeé mẹ́nu bà níbẹ̀. REF, àgbéyẹ̀wò ìwádìí gbogbo yunifásítì Ìlú Ọba, tó ń wọn ìwádìí láti orí ìràwọ̀ kan sí mẹ́rin, ẹ̀ka ni ó ń fún ní èsì, kì í ṣe olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n olórí ẹ̀ka yóò béèrè èwo nínú ìwé ìwádìí yín ló yẹ kí wọ́n fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Ní ti èsì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ nípa wa, mo gba yín nímọ̀ràn pé kí ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan: ẹ ní kí ẹlẹgbẹ́ yín kan wá jókòó sínú kíláàsì yín kó kọ ohun tó rí, nítorí ìwádìí ti fi hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fún obìnrin ní máàkì tó kéré sí ti ọkùnrin fún iṣẹ́ kan náà.

Ìbéèrè láti Glasgow

Òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí ni mí. Ṣé nǹkan wà fún irú wa?

Ìdáhùn láti Birmingham

Ó wà. Ẹ béèrè bóyá yunifásítì yín fọwọ́ sí Technician Commitment, àdéhùn láti ti àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí lẹ́yìn, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017, nítorí ọ̀pọ̀ ló ti fọwọ́ sí i. Ẹ sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù yín pé ẹ fẹ́ gba RSciTech tàbí RSci, oyè tó ń jẹ́rìí sí ìmọ̀ọ́ṣe yín láìka yunifásítì tí ẹ wà sí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n san owó rẹ̀ fún yín.

Ìdáhùn láti Òṣogbo

Ẹ kú àjò o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo wà nílé níbí, mi ò sì fẹ́ kí ẹ fọwọ́ rọ́ APER sẹ́yìn pátápátá. Ìgbìmọ̀ Údọ̀jí ti ọdún 1974, tó yẹ iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà wò, ló ní kí ìròyìn òṣìṣẹ́ má ṣe jẹ́ àṣírí mọ́, kí òṣìṣẹ́ máa rí ohun tí ọ̀gá kọ nípa rẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Níbi tí ọ̀gá bá ti ń fún gbogbo ènìyàn ní máàkì kan náà kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, ọ̀gá ló yẹ ká bá wí, kì í ṣe fọ́ọ̀mù.

Ẹni tó bá ń múra àtikúrò nílé, kó gba ìwé tó sọ iṣẹ́ tó ṣe, kì í ṣe ìwé tó sọ ọdún tó lò nìkan. Kò sí ẹni tó mọ CONTISS, àtẹ owó oṣù tiwa nílé, lókè òkun. Bí ìwé náà bá ní pé ẹ wà ní CONTISS 9, kò yé wọn. Bó bá ní pé ẹ ń darí òṣìṣẹ́ mẹ́rin, pé ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣètò àkọsílẹ̀ ìdánwò fún odindi ẹ̀ka kan, ó ti yé wọn nìyẹn. Ẹ gbà á kí ẹ tó lọ, nítorí àtibéèrè rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn a máa pẹ́.

Láti Leeds

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè kan ló kù: bí ọ̀gá bá kọ ohun tí n kò fara mọ́ ńkọ́?

Láti Birmingham

Ẹ má dákẹ́, ẹ má sì fi ìbínú fèsì. Àyè wà fún ọ̀rọ̀ tiyín nínú fọ́ọ̀mù náà. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí yunifásítì ní lákọsílẹ̀ nípa yín, láìsanwó, oṣù kan ni wọ́n sì sábà máa ń ní láti fi dá yín lóhùn. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìgbìmọ̀ ìbáwí, òfin ọdún 1999 fún yín láyè láti mú ẹlẹgbẹ́ yín tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dání. Ẹ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní báyìí, UNISON tàbí UCU, èyí tó bá gba ìpele yín, nítorí wọn kì í sábà gbèjà ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé. Bí ẹ bá tún fọ́ọ̀mù yín kọ tán, ẹ yọ orúkọ kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Màá kà á kó tó di ọjọ́ Ẹtì.