Fífi ajá tàbí ológbò nìkan sílẹ̀ nínú ọkọ̀: ó bójú mu àbí kò bójú mu?

Ọmọ Bódìjà:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní páàkì ilé ìtajà àti níwájú gbọ̀ngàn òde àríyá, ẹ ó rí ajá nínú ọkọ̀ tí wọ́n tì pa, fèrèsé á ṣí díẹ̀, ẹni tó ni í á ní "mò ń bọ̀ báyìí báyìí." Ṣé ó bójú mu? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ajá, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ wá là wá lọ́yẹ̀.

Dókítà Ẹran:
Kò bójú mu rárá. Bí ìta bá wà ní dígírì 24, èyí tó tu èèyàn lára, inú ọkọ̀ á ti tó 34 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sì tó 43 láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lọ́sàn-án oṣù Kejì àti Kẹta n'Ìbàdàn, ìta fúnra rẹ̀ a máa tó 34, 35. Ẹ wá ṣírò ti inú ọkọ̀. Ìtànṣán oòrùn ń gba gíláàsì wọlé, ó ń mú dáṣíbọ́ọ̀dù àti ìjókòó gbóná, ooru tí wọ́n ń tú jáde ò sì ráyè gba gíláàsì padà síta.

Ajá kì í làágùn bíi tiwa, àfi díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀: atẹ́gùn á gba orí ahọ́n àti ọ̀nà ọ̀fun kọjá, omi ibẹ̀ á gbẹ, ooru á bá a lọ. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n tì, èémí ajá náà ló ń sọ atẹ́gùn di ọ̀rinrin, omi ahọ́n ò ní lè gbẹ mọ́, gbogbo mímí yẹn á wá di iṣẹ́ tó tún ń mú ara gbóná sí i. Ooru ara ajá tó le koko máa ń wà láàárín dígírì 38.3 sí 39.2. Tó bá ti kọjá 41, ewu ńlá ni. Nígbà tó bá fi tó 43, ìfun, kíndìnrín àti ọpọlọ ti ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àdùkẹ́ Ọ̀jọ̀ọ́:
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Títò láti sanwó nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọlọ́kọ̀ Akérò:
Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, béèyàn bá ṣí fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀ ńkọ́? Mi ò gbà pé kò ní í ràn án lọ́wọ́. Atẹ́gùn atẹ́gùn ni.

Dókítà Ẹran:
Wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ẹ̀gbọ́n. Ìwádìí kan tó jáde nínú Pediatrics, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọmọdé, ní 2005 fi ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ tì pa wé èyí tó ṣí ní íǹṣì kan ààbọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ò tó nǹkan. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ooru tó fi wákàtí kan gùn ló ti dé kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé. Ẹ sì fi ti ọ̀rinrin Èkó kún un.

Ìyá Ológbò:
Ológbò tó bá lanu tó ń mí hẹlẹ bí ajá, ẹ má dúró wò ó. Ilé ìwòsàn ni.

Mẹkáníìkì Akóbọ̀:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé "mo tan AC sílẹ̀," ẹ gbọ́. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú títì ló ń bá kọ́ńdẹ́ńsà, ẹ̀yà AC tó wà níwájú ọkọ̀, tú ooru dànù. Bó bá dúró sójú kan, fáànù iwájú nìkan ló kù tó ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tókunbọ̀ ni fáànù wọn ti rẹ̀, kábọ́ọ̀nù inú mọ́tò rẹ̀ ti jẹ tán. Gáàsì inú páìpù á wá le jù, súìṣì tó ń ṣọ́ ọ á gé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú kí AC tutù. Blówà ò ní í dákẹ́ o! Á máa fẹ́ lọ, ẹni tó dúró síta á rò pé AC ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló sì ń fẹ́ lu ajá.

Èyí tí wọ́n ń fi bọ́tìnì tan náà, òmíràn wà nínú wọn tó ń pa ara rẹ̀ tó bá ti pẹ́ tó ti wà lójú kan. Ajá sì lè fi ẹsẹ̀ tẹ súìṣì fèrèsé tàbí ti ìlẹ̀kùn, kó ti ara rẹ̀ mọ́lé. Inú gáréèjì tí wọ́n pa dé, ẹ má tilẹ̀ dán an wò, èéfín ẹ́ńjìnnì á pa á kí ooru tó pa á.

Àbúrò Peckham:
Ọkọ̀ Tesla, èyí tó ń lo bátìrì dípò epo, ní Dog Mode láti 2019. Ó ń ṣọ́ ooru inú ọkọ̀, ó sì ń kọ ọ́ gàdàgbà sójú ẹ̀rọ rẹ̀ kí ẹni tó ń kọjá má bàa fọ́ gíláàsì.

Mẹkáníìkì Akóbọ̀:
Bí iná bátìrì bá ti fẹ́ẹ́ bọ́ sísàlẹ̀ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ó parí nìyẹn. Mélòó la ní n'Ìbàdàn?

Ọmọ Bódìjà:
Ẹ ṣeun. Tá a bá wá rí ajá tó ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, ṣé ká fọ́ gíláàsì ni?

Ẹ̀gbọ́n Oakland:
Ní Kalifọ́níà níbí, òfin fàyè gbà á láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2017, ṣùgbọ́n ó ní ètò. Ẹ kọ́kọ́ dán ilẹ̀kùn wò bóyá ó ṣí. Ẹ pe ọlọ́pàá tàbí panápaná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan gíláàsì. Ẹ má lo agbára ju èyí tó yẹ. Ẹ dúró ti ẹran náà nítòsí títí wọn á fi dé. Tẹ́ ẹ bá fo ọ̀kan, òfin náà lè má gbèjà yín.

Àbúrò Peckham:
Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 999 ni kẹ́ ẹ pè, kì í ṣe RSPCA, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ẹranko, lẹ́yin máa kọ́kọ́ pè. Wọn ò lágbára láti wọ ọkọ̀ láìsí ọlọ́pàá. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ fọ́ ọ, ẹ sọ fún ọlọ́pàá lórí fóònù pé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ ṣe, ẹ ya fọ́tò ajá, ẹ gba orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Òfin Criminal Damage ti 1971, tó wà fún bíba nǹkan oní-nǹkan jẹ́, gba àwáwí ẹni tó gbà lóòótọ́ pé olówó ọkọ̀ ì bá fọwọ́ sí i ká ní ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ọlọ́kọ̀ Akérò:
Ẹ fọ́ gíláàsì ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ní Dùgbẹ̀, kí wọ́n tó gbọ́ àlàyé yín wọ́n ti pariwo olè.

Àdùkẹ́ Ọ̀jọ̀ọ́:
Òótọ́ lẹ sọ. Nílé wa níbí, ẹ sáré bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Tó bá jẹ́ òde àríyá tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sórí ìwé, kẹ́ ẹ gbé e fún ẹni tó di gbohùngbohùn mú: "Ẹni tó ni Camry dúdú, nọ́ńbà báyìí, ajá yín ń kú lọ." Kí wọ́n má kàn ní "ẹ wá gbé ọkọ̀ yín kúrò," torí onítọ̀hún ò ní í dìde.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin:
Ìwà ìkà sí ẹranko wà nínú Criminal Code wa, abala 495. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn àádọ́ta náírà.

Ìyá Ológbò:
Àádọ́ta náírà! Kò ra omi inú ọ̀rá kan mọ́. Òfin yẹn nílò àtúnṣe kíákíá.

Mẹkáníìkì Akóbọ̀:
Bó bá di pé kẹ́ ẹ fọ́ gíláàsì, kì í ṣe ti iwájú o. Ike wà láàárín ìyẹn, á kàn sán ni. Ti ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ fọ́, èyí tó jìnnà sí ajá jù, kẹ́ ẹ sì lu igun rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ má lu àárín. Nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló ń fọ́ ọ, kì í ṣe òkúta ńlá.

Dókítà Ẹran:
Tẹ́ ẹ bá ti gbé e jáde, ẹ kọ́kọ́ tù ú lára kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ gbé e sí ibòji. Ẹ ra báàgì píọ́ wọ́tà kan, ogún ọ̀rá ló wà níbẹ̀, ẹ já etí rẹ̀, kẹ́ ẹ máa dà á sí i níkùn, ní itan àti ní ọrùn láìdáwọ́ dúró. Kí ẹnì kan máa fi páálí fẹ́ ẹ. Ẹ má fi táwẹ̀lì tútù bò ó mọ́lẹ̀, kì í pẹ́ gbóná, á sì há ooru mọ́ ọn lára. Bí tẹmọ́mítà bá wà, ẹ fi sí ihò ìdí rẹ̀. Tó bá ti wálẹ̀ sí 39.5, ẹ dáwọ́ dúró, torí ara náà á ṣì máa tutù sí i fúnra rẹ̀.

Ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Mo mọ̀ pé òun la kọ́kọ́ ń sáré mú. Ajá tí ò mọ ibi tó wà ò lè gbé e mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ.

Kódà bó bá dìde tó ń jùrù, ẹ gbé e lọ. Ẹ̀jẹ̀ lè dẹ́kun dídì, kíndìnrín lè kọṣẹ́, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn náà.

Ọlọ́kọ̀ Akérò:
Omi yìnyín ńkọ́? Wọ́n ní ó ń pa ajá.

Àbúrò Peckham:
Èrò àtijọ́ nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń sọ níbí báyìí ni pé kí ajá tó ṣì kéré, tára rẹ̀ le, wọ omi tútù tààrà. Pé èèyàn ń wá irú omi tó yẹ kiri ló léwu jù. Mo sì fẹ́ fi èyí kún un: nínú ajá tí ooru kọlù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eré sísá àti ìrìn ọ̀sán ló fa bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ti ọkọ̀ kéré gan-an sí i.

Dókítà Ẹran:
Mo gbà. Omi tó bá sún mọ́ yín lẹ máa lò. Ajá àgbàlagbà tàbí èyí tó ní àrùn ọkàn, ẹ fi omi lásán àti fáànù mọ fún un. Ti eré náà sì jóòótọ́, pàápàá fún Lhasa, pug àti bulldog tí imú wọn pẹlẹbẹ, ọ̀nà èémí wọn ti há tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ajá tó ń sáré lè wá ibòji. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ ò lè ṣílẹ̀kùn.

Ìyá Ológbò:
Ẹ̀ ń sọ ti páàkì. Ta ni máa sọ ti àwọn ọmọ ajá tí wọ́n ń wéèbíìlì láti Ìbàdàn sí Èkó nínú bùùtù?

Ọlọ́jà Ajá:
Kì í ṣe gbogbo wa là ń ṣe é, mà. Atẹ́gùn sì ń wọ bùùtù láti ẹ̀yìn ìjókòó.

Mẹkáníìkì Akóbọ̀:
Èyí tí wọ́n ti di gàrí àti báàgì èrò kún? AC ò débẹ̀. Sàlẹ́ńsà sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú yín ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, ààrò ni.

Ọlọ́jà Ajá:
Awakọ̀ kì í gbà kí wọ́n wọnú ọkọ̀, wọ́n ní èrò á máa ráhùn òórùn.

Àdùkẹ́ Ọ̀jọ̀ọ́:
Ẹ san owó ìjókòó kan fún un. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọkọ̀ àkọ́gbéra, kí oòrùn tó mú. Ẹ lu páálí náà ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe lókè nìkan, torí ẹnì kan á gbé báàgì lé e.

Dókítà Ẹran:
Ẹ fún wọn lóúnjẹ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú kí wọ́n má bàa bì. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ Lhasa, ṣúgà ara wọn tètè ń lọlẹ̀. Ẹni tó máa gbà á l'Ójótà, kó mú glúkóòsì dání. Bó bá bá ọmọ ajá tó rọ jọ̀bọ̀tọ̀, kó fi ìka pa díẹ̀ sí i ní èrìgì, kó má rọ ọ́ sí i lọ́fun.