Ìgbapò yàtọ̀ sí ìfàlélọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí àwa tó ń fi Yorùbá kọ̀wé nípa kọ̀ǹpútà yóò máa pe failover, ìyẹn ìgbà tí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn) tó ń gbé àkójọ dátà (database) bá kú, tí òmíràn tó ti ń dúró dè é bọ́ sí ipò rẹ̀ kí iṣẹ́ má bàa dúró. Àbá tó ti gba ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn ni "ìrọ́pò". Ó dùn létí, àmọ́ ó fẹjú jù. A máa ń rọ́pò díìsìkì tó bàjẹ́, a máa ń rọ́pò wáyà, a sì máa ń rọ́pò òṣìṣẹ́ tó lọ sinmi. Ẹni tó bá gbọ́ pé "a dán ìrọ́pò wò lánàá" kò tíì mọ ohun tí wọ́n dán wò.

Ohun tó jẹ mí lógún níbẹ̀ ni pé ohun méjì ni ọ̀rọ̀ kan yìí ń bò mọ́lẹ̀. Nínú àkọ́kọ́, sáfà olórí wà láàyè, ara rẹ̀ le. Àwọn òṣìṣẹ́ kàn fẹ́ tún un ṣe ni. Wọ́n ní kó má gba ohun tuntun mọ́, wọ́n dúró títí gbogbo ohun tó ti kọ fi dé ọ̀dọ̀ èkejì, wọ́n wá pààrọ̀ ipò àwọn méjèèjì. Kò sí ohun tó sọnù. Nínú èkejì, olórí ti kú, tàbí ọ̀nà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti já. Kò sẹ́ni tó lè bi í léèrè ohun tó kọ kẹ́yìn. Sáfà kejì á gba ipò náà pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tó ti dé ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn tó ṣe Data Guard, ètò tó ń bójú tó sáfà tó ń dúró fún àkójọ dátà Oracle, ya ohun méjèèjì sọ́tọ̀: switchover ni ti àkọ́kọ́, failover ni ti èkejì. Yorùbá náà ní ọ̀rọ̀ fún wọn nílẹ̀. Bí ẹni tó ni iṣẹ́ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ẹlòmíràn, a ní ó fà á lé e lọ́wọ́: ìfàlélọ́wọ́. Bí ẹnìkan bá jókòó sípò ẹlòmíràn láìjẹ́ pé onítọ̀hún yọ̀ǹda rẹ̀, a ní ó gbapò: ìgbapò. Ọwọ́ méjì ló wà nínú ìfàlélọ́wọ́. Nínú ìgbapò, ọwọ́ kan ni.

Wọ́n ti ta kò mí pé ipá wà nínú "gbapò", bí ìgbà tí wọ́n ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹni. Ipá yẹn gan-an ni mo fẹ́. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí GitHub, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn sí, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2018. Wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀yà nẹ́tíwọ̀kì kan tó ti ń bàjẹ́, ni ibùdó sáfà wọn ní etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà bá pàdánù ìsopọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 43. Orchestrator, ètò tó ń ṣọ́ àwọn àkójọ dátà MySQL wọn, kò rí àwọn olórí mọ́, ó sì yan olórí tuntun sí etíkun ìwọ̀-oòrùn. Bẹ́ẹ̀ àwọn olórí àtijọ́ kò kú. Wọ́n ti kọ àwọn nǹkan kan tí kò tíì dé ìwọ̀-oòrùn. Nínú ọ̀kan lára àwọn àkójọ tí iṣẹ́ pọ̀ fún jù, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́ 954. Ìwọ̀-oòrùn náà ti ń gba ohun tuntun fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Èyí tó wà lọ́hùn-ún kò sí níhìn-ín, èyí tó wà níhìn-ín kò sí lọ́hùn-ún. Wọ́n yàn láti dáàbò bo dátà àwọn oníbàárà dípò kí wọ́n kánjú, iṣẹ́ sì ń mẹ́hẹ fún wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11.

Ilé iṣẹ́ tó bá ti dán ìfàlélọ́wọ́ wò láìmọye ìgbà, tó sì yọrí sí rere nígbà gbogbo, kò tíì mọ nǹkan kan nípa irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè gbà kí orúkọ kan náà máa jẹ́ ti méjèèjì. Láti dán ìgbapò wò, ẹ já iná sáfà olórí nígbà tó ń kọ nǹkan lọ́wọ́, tàbí kí ẹ yọ wáyà nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀. Ẹ wá wo nọ́ńbà ohun ìkẹyìn tó sọ fún oníbàárà pé òun ti kọ sílẹ̀, kí ẹ wá a lọ́dọ̀ olórí tuntun. Bí PostgreSQL, ètò àkójọ dátà kan, bá wà bó ṣe máa ń wà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ètò rẹ̀, olórí kì í dúró de èkejì kó tó sọ pé "ó ti parí", nítorí náà àlàfo lè wà níbẹ̀. Ẹ ka bí àlàfo yẹn ṣe tó. Ẹ tún ka bí iṣẹ́ ṣe dúró pẹ́ tó.

Àwọn kan fẹ́ pe èyí ní "ìdánrawò" dípò "ìdánwò". Ìdánrawò dára fún ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń tẹ̀ lé ìlànà ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ kí ara wọn lè mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ohun tí èèyàn lè yege nínú rẹ̀ tàbí kó fìdí rẹmi ni mò ń sọ, ìdánwò sì nìyẹn.

Ó ku orúkọ sáfà tó ń dúró. "Ẹrú", ìyẹn slave tí wọ́n ń lò lédè Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, kò yẹ ká máa jiyàn lé lórí. MySQL pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í pa irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tì ní 2020. "Ẹ̀dà" léwu jù ú lọ, torí ó ń jẹ́ kí èèyàn rò pé òun ti ní ìpamọ́. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì pa tábìlì kan rẹ́ lára olórí, sáfà tó ń tẹ̀ lé e á pa á rẹ́ náà, nígbà mìíràn kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀dà sílẹ̀ fún ohun tí a pa mọ́ tí kì í yí padà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ìkànnì tó jọ GitHub, fẹ́ nu dátà inú sáfà kejì kúrò, ó sì nu ti olórí. Orúkọ àwọn méjèèjì jọra: db1 àti db2. Àwòrán díìsìkì kan (snapshot, ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú díìsìkì ní àsìkò kan) tí wọ́n ti yà ní nǹkan bíi wákàtí 6 ṣáájú ló gbà wọ́n sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ lẹ́yìn ìyẹn sọnù.

Ọ̀pọ̀ fẹ́ "adelé". Àmọ́ ẹni tó ti jókòó sórí àga tó ṣófo ni adelé, sáfà wa kò sì tíì jókòó. "Àrólé" ló bá a mu: àrólé ni nígbà tí olórí wà láàyè, àrólé náà ni yóò gbapò. Kùdìẹ̀-kudiẹ ibẹ̀ ni pé àrólé kì í dá ogún padà. Mo ṣì yàn án, nítorí kò pọn dandan kí ipò padà sọ́dọ̀ sáfà àtijọ́. Àwọn mìíràn máa ń fi olórí tuntun síbẹ̀ ni.

Bí àwọn méjèèjì bá ń gba ohun tuntun nígbà kan náà, "olórí-méjì" ni mo dábàá. Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Ká tó jẹ́ kí àrólé gbapò, ká kọ́kọ́ rí i dájú pé ti àtijọ́ kò lè kọ nǹkan mọ́. Mo pe ìyẹn ní "ìsémọ́lé", gbogbo ayé ló ti mọ ọ̀rọ̀ náà.

Èyí tí mi ò gbà rárá ni "ìpadàsípò" fún ìgbà tí olórí àtijọ́ bá tún jí. Kì í padà sípò. Nínú PostgreSQL, irinṣẹ́ tó ń jẹ́ pg_rewind ló máa ń bá a ṣe é: á kó ohun tí olórí àtijọ́ nìkan kọ dànù, olórí àtijọ́ náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé olórí tuntun gẹ́gẹ́ bí àrólé. Nítorí náà, ẹ da ohun tó kọ yẹn sí ibòmíràn kí ẹ tó ṣe é. "Ìpadàwọlé" ni kí ẹ jẹ́ ká máa pè é, ká fi ìpadàsípò sílẹ̀ fún ìgbà tí a bá fi ìfàlélọ́wọ́ gbé ipò náà padà fún un ní tòótọ́.