Ribavirin ti fa PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀) mi wálẹ̀, ṣé kí n dá a dúró ni?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ kú ilé o. Ẹni tó bá ti lo oògùn Hepatitis C (àrùn ẹ̀dọ̀) rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn. Sofosbuvir àti daclatasvir ni wọ́n kọ fún mi, wọ́n wá fi ribavirin kún un torí àpá ti wà lára ẹ̀dọ̀ mi. Mi ò tíì lò ó tó oṣù kan, ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu, àtẹ̀gùn ilé wa tí mo máa ń sáré gùn, mo ti ń dúró mí lójú ọ̀nà báyìí, àyà á sì máa lù kìkìkì. PCV mi wà ní 40 tẹ́lẹ̀, ó ti di 31. Ìyàwó mi ti ra blọ́ọ̀dù tọ́níkì, mọ́ọ̀tì àti mílíìkì lójoojúmọ́, kò yí nǹkan kan padà.

Nọ́ọ̀sì Ṣùúrùlérè: Ẹ pẹ̀lẹ́ o bọ̀dá. Ẹ má fọwọ́ ara yín dá a dúró o! Ribavirin yẹn ló ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe pé áyọ́ọ̀nù (iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) ló wọ́n lára yín, ìdí tí tọ́níkì ò fi ràn án nìyẹn, àti pé áyọ́ọ̀nù tó bá pọ̀ jù, inú ẹ̀dọ̀ tá a ń tọ́jú náà ló máa lọ kó jọ sí. Tí hemoglobin (èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara) bá ti wọ abẹ́ 10, ìyẹn PCV bíi 30, dókítà máa ń dín ribavirin kù, tó bá wọ abẹ́ 8.5 wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Oògùn méjì tó kù ò gbọdọ̀ já. Ẹ̀yin ti dé etí ẹ̀ báyìí, ẹ lọ rí wọn lọ́sẹ̀ yìí. Tí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹmẹjẹ́ǹsì nìyẹn, ẹ má dúró de ọjọ́ clinic.

Baba Mushin: Wọ́n dín tèmi kù, àìsàn náà ṣì lọ, ẹ̀jẹ̀ sì padà nígbà tí mo lò ó tán. Àgbo tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ rà lọ́jà Ojúwòyè, ẹ fi sílẹ̀ ná jàre, ẹ̀dọ̀ kan náà ni gbogbo ẹ̀ máa gbà kọjá.

Ọlá Yábàá: Ṣé wọ́n bi yín ní genotype ẹ̀jẹ̀ yín? SS kì í lo ribavirin rárá. Ìyàwó yín ò sì gbọdọ̀ lóyún o, títí oṣù 6 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá parí ẹ̀, ó lè ba ọmọ inú jẹ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ ṣé gan-an. AA ni mí. Ti oyún yẹn ni ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi o, madam ń kà á lẹ́yìn mi báyìí, ó ní òun ń bá mi lọ sí clinic lọ́la.