Ọ̀sẹ̀ tí àwọn ará NUC wá sí ẹ̀ka wa

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún kẹta ni mo wà, ẹ̀ka Microbiology, ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ, torí orúkọ rẹ̀ ló wà lórí sátífíkéètì mi.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan la dé láàbù tí a bá máíkírósíkóòpù mẹ́jọ lórí tábìlì, wọ́n ń dán gbinrin. Méjì péré la ti ń lò látọdún kìíní, ọ̀kan sì ti fọ́jú. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́. Ilé ìkàwé kún fún ìwé tí òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú wọn. Wọ́n ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kan.

Accreditation, ìyẹn àyẹ̀wò ìfọwọ́sí ẹ̀ka, ti dé nìyẹn. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, máa ń ka iye olùkọ́ tó ní PhD, wọ́n á wo láàbù, ilé ìkàwé, ìwé ìdánwò tí a ti ṣe sẹ́yìn, wọ́n á wá fún ẹ̀ka ní máàkì. Ìfọwọ́sí kíkún (full) jẹ́ ọdún 5, ti onígbà díẹ̀ (interim) jẹ́ ọdún 2. Ẹ̀ka tó bá já pátápátá kò gbọdọ̀ gba ọmọ tuntun.

Wọ́n mú mi mọ́ àwọn tí yóò bá àlejò sọ̀rọ̀. HOD, olórí ẹ̀ka wa, ti kọ́ wa ní ohun tí a ó wí, bí ẹni ń kọ́ ìyàwó lẹ́kún. Bàbá ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá nawọ́ sí ọ̀kan nínú máíkírósíkóòpù tuntun yẹn: "Ọmọ mi, tan èyí kí n wò ó." Mo wá bọ́tìnnì títí, n ò rí i. Ẹ̀yìn ló wà! Bàbá ò sọ nǹkan kan, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Òógùn bò mí nínú ẹ̀rọ amúlétutù.

Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ ti kó ẹrù lọ. Interim la gbà. HOD ní bọ́tìnnì ló pa òun.

Ìyá kan wà ní ẹ̀ka wa tí kò tíì ní PhD nígbà yẹn, nítorí náà kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ìṣirò máàkì. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Àwa ogójì, máíkírósíkóòpù kan: ó pín wa sí ọ̀wọ́ mẹ́jọ, ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ á ti dé ní aago méje àárọ̀. Kóówá gbọ́dọ̀ wò, kó sì ya ohun tó rí. Bí o bá ya àwòrán inú ìwé, báírò pupa á bá ọ níbẹ̀: "Ta ló rí èyí?" Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ló ń dá ìwé wa padà. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé nílé yìí, ẹ mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Iléeṣẹ́ omi inú ọ̀rá ni mo wà báyìí, ní ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní quality control (ẹ má rẹ́rìn-ín). Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ IT kan, akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, kọ èsì sílẹ̀ fún mi, sláìdì sì wà níbi tí mo fi í sí. Ẹnu mi ni mo gbọ́: "Ta ló rí èyí?"

Ó dìde, ó lọ síwájú máíkírósíkóòpù, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá rọra bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo ni wọ́n ti ń tàn án?"